Ìlà Lára Báńà: Bí A Ṣe Ń Wá Orísun Àléébù Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Ńlá

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a pèsè fún àpéjọ ọdọọdún àwọn atẹ̀wé ní Ìjòkó, Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn

 

Kókó ọ̀rọ̀ òní ni àléébù tí ń yọ lára báńà, sítíkà àti pátákó tí a fi ẹ̀rọ large format tẹ̀: ohun tí ń fà á, bí a ṣe ń dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, àti ibi tí ó yẹ kí ọwọ́ kọ́kọ́ lọ. Púpọ̀ nínú owó tí ń run sórí ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í run nítorí pé nǹkan bàjẹ́. Ó ń run nítorí pé a tú ohun tí kò bàjẹ́ láti tún un ṣe.

Ẹ̀rọ náà àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìwé títẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Ìpínlẹ̀ Ògùn. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Láyé ìgbà náà, bí lẹ́tà òjé kan bá jẹ, ojú rí i, ọwọ́ yọ ọ́, a sì fi òmíràn dípò rẹ̀. Ẹ̀rọ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń tẹ̀wé nínú rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ.

Nínú hẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn nọ́sù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ihò tí yíǹkì ń gbà jáde, awẹ́ tíntínní kan wà tí a fi amọ̀ pàtàkì ṣe. Bí iná bá kàn án, yóò tẹ̀, yóò sì ti yíǹkì jáde ní ẹ̀kán. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ní ilẹ̀ Faransé, Pierre àti Jacques Curie, ni wọ́n fi hàn ní 1880 pé àwọn òkúta kan máa ń mú iná wá bí a bá fún wọn mọ́lẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀, pé iná lè mú kí irú òkúta bẹ́ẹ̀ yíra padà. Orí ìwà yìí ni hẹ́ẹ̀dì Epson, Konica àti Seiko tí ó kún àwọn ṣọ́ọ̀bù wa dúró lé. DX5 ti Epson ní nọ́sù 1,440: ìlà mẹ́jọ, 180 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín íǹṣì kan péré. Konica 512 ní 512, bí orúkọ rẹ̀ ti wí. i3200 ti Epson ní 3,200.

Hẹ́ẹ̀dì kì í tẹ báńà parí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìbú, báńà sì ń sún díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní òró. Bí a bá fi DX5 tẹ̀wé ní páàsì mẹ́rin, tí hẹ́ẹ̀dì ń kọjá lórí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ìdámẹ́rin íǹṣì, ìyẹn milimítà 6.35, ni báńà ń sún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìrìn méjì yìí, ti hẹ́ẹ̀dì ní ìbú àti ti báńà ní òró, ni ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orísun àléébù gbọ́dọ̀ ní lọ́kàn, nítorí pé ojú ìlà tí ó bá yọ máa ń sọ èyí tí ó dẹ́ṣẹ̀ nínú méjèèjì.

Kí a wo báńà kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ

Ohun tí ó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni pé oníbàárà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, báńà yìí ń là o, mọ́tò tí yóò gbé e ti dé." Ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ kò ní wo báńà lẹ́ẹ̀mejì. Síríńjì tí a fi ń ti omi gba inú hẹ́ẹ̀dì ni yóò kọ́kọ́ wá. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: hẹ́ẹ̀dì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò jìyà ohun tí rólà tí ń sún báńà, tàbí báńà fúnra rẹ̀, ṣe.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ìbú ni ìlà náà wà tàbí òró. Ìlà ìbú, tí ó bá ọ̀nà hẹ́ẹ̀dì lọ, ń tọ́ka sí nọ́sù tàbí sí bí báńà ṣe ń sún. Ìlà òró, tí ó dábùú ọ̀nà hẹ́ẹ̀dì, kò sábà ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú nọ́sù. Irin tí kẹ̀kẹ́ hẹ́ẹ̀dì ń gùn, bẹ́líìtì rẹ̀, bíárìn rẹ̀, encoder strip (ọ̀já tí ń sọ ibi tí hẹ́ẹ̀dì dé), tàbí báńà tí ó ká lábẹ́ ni a ó lọ yẹ̀ wò.

Ìbéèrè kejì ni iye àwọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn. Kí a tẹ àpótí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ láìdapọ̀: cyan, magenta, yellow, black. Bí cyan nìkan bá là, tí mẹ́ta yòókù dán gbinrin, ọ̀rọ̀ náà kò kan rólà, nítorí pé báńà kò lè sún ju bó ti yẹ fún cyan kí ó máa sún dáadáa fún magenta. Nọ́sù cyan tàbí yíǹkì cyan ni kí a lọ wò. Bí gbogbo àwọ̀ bá là ní ojú kan náà, pẹ̀lú àlàfo tí ó dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí a fi hẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ sísún ni.

Yellow nìkan ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ nínú àyẹ̀wò yìí. Ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà inú rẹ̀ kì í hàn lórí báńà funfun. Àwọn tí ó mọṣẹ́ máa ń tẹ díẹ̀ nínú cyan lé e lórí kí ó di àwọ̀ ewé. Ibi tí yellow kò bá sí yóò wá fi ara hàn.

Ìbéèrè kẹta ni ìgbà tí àléébù náà bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ṣé a pààrọ̀ yíǹkì ni? Ṣé róòlù fléèsì (rọ́bà tí a ń tẹ báńà sí) tuntun ni a gbé sí i? Ṣé iná lọ lóru tí hẹ́ẹ̀dì kò sì rí ààyè padà sí ibi ìsinmi rẹ̀? Ẹ̀rọ tí ó tẹ̀wé dáadáa lánàá tí kò ṣe é mọ́ lónìí, ohun kan ni ó yí padà láàárín méjèèjì, ohun náà kì í sì í sábà jìnnà.

Ìwé àyẹ̀wò nọ́sù

Àyẹ̀wò nọ́sù ni àwòrán kékeré tí nọ́sù kọ̀ọ̀kan ti ń fa ìlà tirẹ̀, tí wọ́n tò bí àtẹ̀gùn. Gbogbo ẹ̀rọ ni ó ní i, gbogbo ọmọṣẹ́ ni ó sì mọ bọ́tìnnì rẹ̀. Ohun tí púpọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹyọ kan kò tó. Kí a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí a fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sí àárín wọn, kí a wá tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Bí àlàfo bá wà ní ojú kan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bóyá ìlà keje àti ìlà kẹrìnlélógún nínú black, yíǹkì gbígbẹ ni ó dí àwọn ihò náà. Èyí ni fífọ̀ ń wò sàn. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá ń rìn, tí ìlà keje sọnù nínú ìwé àkọ́kọ́, tí ó padà dé nínú ìkejì, tí ìkọkàndínlógún wá sọnù dípò rẹ̀, kò sí ohun tí ó dí ihò kankan. Atẹ́gùn ni ó wọ inú ọ̀nà yíǹkì. Fífọ̀ léraléra á wulẹ̀ máa fa atẹ́gùn sí i ni. Ojú ibi tí rọ́bà yíǹkì ti so mọ́ damper (àpò kékeré tí yíǹkì ń gbà wọ hẹ́ẹ̀dì), òrùka rọ́bà inú rẹ̀, àti ẹnu kápù tí hẹ́ẹ̀dì ń sinmi lé ni kí a lọ yẹ̀ wò.

Irú kẹta kì í hàn nínú ìwé àyẹ̀wò lásán. Àyẹ̀wò á pé pérépéré, inú ọmọṣẹ́ á dùn, á bẹ̀rẹ̀ báńà ẹsẹ̀ bàtà 10, nígbà tí yóò fi dé ẹsẹ̀ bàtà kẹta àwọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ìlà á máa yọ. Bí a bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a tún ṣe àyẹ̀wò, yóò tún pé. Ebi ni ó ń pa hẹ́ẹ̀dì. Yíǹkì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tètè tó bí ó ṣe ń ná an. Damper tàbí fílítà ti dí, rọ́bà ti ká níbi kan, tàbí pọ́ǹpù táńkì kékeré kò gbé yíǹkì dáadáa mọ́. Láti mú irú èyí, kí a tẹ àpótí ńlá kan ní àwọ̀ tí a fura sí ní ìwọ̀n 100 nínú ọgọ́rùn-ún, kí a sì ṣe àyẹ̀wò nọ́sù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá parí, kí hẹ́ẹ̀dì má tíì rí ààyè mí.

Ìlà tí ó wà ṣùgbọ́n tí ó wọ́, tí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ń sọ pé nọ́sù náà ń tu yíǹkì, ìdọ̀tí tàbí òwú kan ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Bí odindi àwọ̀ kan bá sì sọnù lójijì, kí ẹnikẹ́ni má pe hẹ́ẹ̀dì ní òkú. Gbogbo nọ́sù àwọ̀ kan kì í dédé kú pọ̀ ní wákàtí kan náà. Kí a wo táńkì, kí a wo ọ̀nà yíǹkì, kí a wo wáyà pẹlẹbẹ tí ó gbé iná dé hẹ́ẹ̀dì. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ pé wọ́n ra hẹ́ẹ̀dì tuntun nígbà tí yíǹkì ló tán nínú táńkì tí afihàn rẹ̀ há.

Fífọ hẹ́ẹ̀dì

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Hẹ́ẹ̀dì ni ó wọ́n jù nínú ẹ̀rọ, òun náà sì ni a máa ń fìyà jẹ jù.

Fífọ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kó ṣáájú, lẹ́ẹ̀kan, kí a sì ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá yí ohunkóhun padà lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, a kò gbọdọ̀ máa tẹ bọ́tìnnì náà lọ. Kápù ni kí a yí sí. Kápù ni rọ́bà tí hẹ́ẹ̀dì ń jókòó lé bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, láti inú rẹ̀ sì ni pọ́ǹpù ti ń fa yíǹkì jáde. Bí etí rẹ̀ bá ti le tàbí tí yíǹkì ti gbẹ yí i ká, kò lè dì mọ́ hẹ́ẹ̀dì. Atẹ́gùn ìta ni pọ́ǹpù yóò máa fà. Àyẹ̀wò pọ́ǹpù náà kò le: kí a bu omi ìfọhẹ́ẹ̀dì kún inú kápù, kí a mú kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́. Bí omi náà bá fà lọ, pọ́ǹpù dára. Bí ó bá dúró síbẹ̀, pọ́ǹpù tàbí rọ́bà rẹ̀ ni ó ní àrùn. Lẹ́yìn náà kí a wo wáípà, rọ́bà tí ń nu ẹnu nọ́sù. Wáípà tí ó ti gé, tàbí tí yíǹkì dì mọ́, máa ń pa àwọ̀ kan mọ́ èkejì lẹ́nu nọ́sù dípò kí ó nù ún.

Bí ihò bá ṣì dí, kí a bu omi ìfọhẹ́ẹ̀dì sínú kápù, kí hẹ́ẹ̀dì jókòó lé e fún wákàtí díẹ̀. Sùúrù yìí ń ṣe ohun tí agbára kò lè ṣe: yíǹkì gbígbẹ yóò rọ̀ fúnra rẹ̀. Omi náà gbọ́dọ̀ bá irú yíǹkì mu, nítorí pé èyí tí a ṣe fún yíǹkì olómi kò lè tú yíǹkì solvent, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a ṣe fún solvent lè jẹ rọ́bà ẹ̀rọ tí ń lo yíǹkì olómi. Acetone àti pẹtiróòlù tí àwọn kan ń lò máa ń tú gọ́ọ̀mù tí ó lẹ inú hẹ́ẹ̀dì pọ̀. Àwọ̀ méjì á wá máa pàdé nínú, kò sì sí ẹni tí yóò tún un ṣe mọ́.

Síríńjì ni ó gbẹ̀yìn, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ wà ní pípa kí a tó mú un jáde. Títi omi pẹ̀lẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí omi bá kọ̀ láti kọjá, tí ọwọ́ wá ń fi agbára kún un, awẹ́ amọ̀ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè fọ́, ihò tí ó dí yóò sì di ihò tí ó kú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀kán omi kan péré tí ó bá ta sí ojú ibi tí wáyà pẹlẹbẹ ti wọ hẹ́ẹ̀dì lè jó hẹ́ẹ̀dì, kí ó sì jó bọ́ọ̀dù mọ́ ọn bí a bá tan iná kí ó tó gbẹ.

Àwọn ẹ̀rọ tí ó fẹ̀ ní mítà 3.2 tí ó ń lo hẹ́ẹ̀dì Konica ní ohun kan tí àwọn kékeré kì í ní: pọ́ǹpù kan tí ń fa yíǹkì sẹ́yìn díẹ̀ kí ó má baà máa kán láti inú hẹ́ẹ̀dì. Bí fífà yìí bá rọ̀ jù, yíǹkì á máa kán sórí báńà, àwọ̀ á sì máa dàpọ̀ lábẹ́ hẹ́ẹ̀dì lóru. Bí ó bá le jù, atẹ́gùn á gba ẹnu nọ́sù wọlé, àlàfo tí ń rìn á sì bẹ̀rẹ̀.

Bí nọ́sù méjì mẹ́ta bá kú pátápátá, iṣẹ́ kò tíì tán. Kí a gbé páàsì sókè láti 4 sí 6 tàbí 8, nọ́sù mìíràn á bo ibẹ̀. Iṣẹ́ yóò falẹ̀, ṣùgbọ́n báńà tí a ó gbé kọ́ sókè lójú ọ̀nà, tí ènìyàn ń wò láti inú mọ́tò, kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sítíkà tí a ó lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì nínú ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀. Ojú súnmọ́ ọn.

Sísún báńà, àti lílọ-bíbọ̀ hẹ́ẹ̀dì

Bí gbogbo àwọ̀ bá là pọ̀, àwọ̀ ìlà náà ni yóò sọ ohun tí a ó ṣe. Ìlà funfun ń sọ pé báńà sún jù, àlàfo sì ṣí sílẹ̀ láàárín páàsì méjì. Ìlà dúdú ń sọ pé kò sún tó, páàsì kan gun èkejì. Nọ́ńbà sísún wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ, a sì gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n fún oríṣi ohun tí a ń tẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí pé fléèsì nípọn ju sítíkà lọ. Bí ìlà bá funfun lápá òsì tí ó dúdú lápá ọ̀tún, kí a fi nọ́ńbà sílẹ̀. Báńà ni ó wọlé ní wíwọ́, tàbí rólà ìdìmú apá kan kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó.

Bí lẹ́tà bá ní òjìji, tí etí rẹ̀ di méjì, lílọ hẹ́ẹ̀dì àti bíbọ̀ rẹ̀ ni kò bára mu. Kí a tẹ iṣẹ́ kan náà ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí òjìji bá pòórá, a ti mú un, kí a ṣe àtúntò lílọ-bíbọ̀. Bí kò bá pòórá, kí a wo gíga hẹ́ẹ̀dì sí báńà. Bí ó bá ti ga ju nǹkan bíi milimítà 2 tàbí 3 lọ, ẹ̀kán yíǹkì á máa rìn jìnnà kí ó tó balẹ̀, á sì fọ́n ká. Gbogbo ìgbà tí a bá yí gíga hẹ́ẹ̀dì padà ni a gbọ́dọ̀ tún lílọ-bíbọ̀ tò.

Encoder strip

Ìlà òró, àwòrán tí ó dédé fò sí ẹ̀gbẹ́, hẹ́ẹ̀dì tí ó sáré lọ fi orí gbá ògiri ẹ̀rọ: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ti ọwọ́ encoder strip wá. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó mọ́ gaara, ó gùn láti òpin ẹ̀rọ kan dé èkejì. Ìlà wẹ́wẹ́ tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ kékeré kan lẹ́yìn hẹ́ẹ̀dì ń kà láti mọ ibi tí ó dé. Eruku tàbí ìrì yíǹkì tí ó bà lé e ń pa ìkà rẹ̀ rẹ́. Aṣọ tí kò ní òwú, omi díẹ̀ àti ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni a fi ń nù ún. Ẹni tí ó bá fi acetone nù ún yóò nu àwọn ìlà náà kúrò mọ́ eruku. Bí ìlà òró bá ń yọ ní àlàfo tí ó dọ́gba, kí a wọn àlàfo náà, kí a fi wé àyíká yíyí púlì bẹ́líìtì tàbí bíárìn. Èyí tí ó bá bá a mu ni ó gbó.

Iná, eruku àti ọyẹ́

Ibi tí ẹ̀rọ wà máa ń hàn lára iṣẹ́ rẹ̀. Láti Sango dé Ìjòkó títí lọ sí Agbado, ọkọ̀ àjàgbé àwọn iléeṣẹ́ àti ti oníyanrìn kì í sinmi, eruku wọn sì ń wọ ṣọ́ọ̀bù tí ó kọjú sí títì. Ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oníbàárà ti lè rí i kí wọ́n sì yẹ́ ọ̀gá sí, ni encoder strip rẹ̀ ń dọ̀tí jù. Kí a gbé e sínú.

Nínú gbogbo ọdún, ìgbà tí iṣẹ́ báńà pọ̀ jù ni ìgbà tí ojú ọjọ́ burú jù fún hẹ́ẹ̀dì. Oṣù Kejìlá ni ìpàdé Shiloh ti ìjọ Winners' Chapel ní Canaanland, Ọ̀tà, òun náà ni Kérésìmesì, ìgbéyàwó, òkú àgbà àti ìpàdé ìlú. Ìpolongo ìbò náà ń bọ́ sí àkókò yìí: ìdìbò ààrẹ ti 2019 wáyé ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, ti 2023 ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, báńà wọn sì ti ń jáde láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé. Atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń gbẹ yíǹkì lẹ́nu nọ́sù kí hẹ́ẹ̀dì tó ti ìbú kan dé èkejì. Ó tún máa ń jẹ́ kí iná ìtakọ́ra (static) gbá jọ sára fléèsì, èyí tí ń fa ẹ̀kán yíǹkì kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí etí àwòrán bá fọ́n bí ìrì láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, tí àyẹ̀wò nọ́sù sì pé, iná ìtakọ́ra yìí ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Wáyà earthing tí a rì mọ́lẹ̀ dáadáa, bàsíà omi lábẹ́ ẹ̀rọ tàbí ẹ̀rọ tí ń tu ìrì omi sínú yàrá, àti fáànù tí a kò kọjú sí hẹ́ẹ̀dì ni yóò lé e lọ. Ìwọ̀n ọ̀rinrin láti 40 dé 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lára mu. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní wáyà earthing kò tíì ní iná, ohunkóhun tí ìwé owó iná IBEDC ì báà máa sọ.

Ní ti iná tí ń lọ lójijì, aburú rẹ̀ ni pé hẹ́ẹ̀dì yóò dúró sójú agbami báńà láìsí kápù lẹ́nu rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá tètè dáhùn, yíǹkì solvent á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ohun tí ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni kí ó fi ọwọ́ rọra ti kẹ̀kẹ́ hẹ́ẹ̀dì padà sórí kápù, kí ó tó sáré lọ sídìí jẹnẹrétọ̀. UPS tí ó lè gbé ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó láti dá hẹ́ẹ̀dì padà sílé. Iná tí kò dúró sójú kan tún ń da hítà rú: fléèsì á gbóná, á tutù, á fẹ̀, á súnkì, sísún rẹ̀ á sì yí padà láàárín báńà kan. Sítébíláísà ni oògùn rẹ̀.

Lásìkò òjò, ọ̀rọ̀ a yí padà. Yíǹkì kì í tètè gbẹ, báńà tí a ká kí ó tó gbẹ a lẹ̀ mọ́ra, àwọ̀ a ṣí kúrò bí a bá tú u. Kí a gbé hítà iwájú sókè, kí a dín ìwọ̀n yíǹkì kù nínú RIP (ètò kọ̀ǹpútà tí ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ), kí báńà sì rí ààyè gbẹ kí a tó ká a.

Àwọ̀ tí kò bá ti oníbàárà mu

Ẹjọ́ tí ó pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù dá lórí àwọ̀, ẹ̀rọ kì í sì í sábà jẹ̀bi rẹ̀. Ojú fóònù ni oníbàárà ti rí àwòrán rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni fóònù sì fi ń ṣe àwọ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Yíǹkì ni ẹ̀rọ ń fi ṣe tirẹ̀. Àwọn búlúù kan wà tí ń tàn lójú fóònù tí yíǹkì mẹ́rin kò lè pò jáde láéláé. Èsè àlùkò ni wọ́n sábà máa ń dà lórí fléèsì. Kí ayàwòrán sọ fáìlì di CMYK, ìyẹn àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin, kí ó tó fi han oníbàárà. Àdéhùn á wá wà lórí ohun tí ó ṣeé ṣe.

Àwòrán tí a fi WhatsApp ránṣẹ́ bíi fọ́tò ti fúyẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ atẹ̀wé, nítorí pé WhatsApp máa ń fún un pọ̀. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ dé ẹsẹ̀ bàtà 10, ojú ẹni tí ó wà nínú àwòrán á di àpótí wẹ́wẹ́. Kò sí hẹ́ẹ̀dì tí yóò tún un ṣe. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì.

Bí fáìlì bá dára, tí àwọ̀ yí sí pupa tàbí ewé lójijì, ìbéèrè ni yíǹkì. Yíǹkì láti ilé iṣẹ́ méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba, ìwé ìlànà àwọ̀ (ICC) tí a ṣe fún ti àná kò sì bá ti òní mu. Pípo méjì pọ̀ nínú táńkì kan burú jù, nítorí wọ́n lè dì nínú damper. Kí a ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ nínú ife kan: kí a da díẹ̀ pọ̀, kí ó sùn mọ́jú. Bí ohunkóhun bá sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ife, kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ.

Ohun tí a tẹ̀ ẹ́ sí

Fléèsì náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Èyí tí ó ti pẹ́ níbi tí oòrùn ń pa á máa ń lagùn òróró láti inú wá sójú, yíǹkì kì í sì dúró lórí òróró. Kí a fi aṣọ funfun nù ún wò kí a tó gbé e sí ẹ̀rọ. Eruku àti àmì ọwọ́ máa ń fi ojú funfun sílẹ̀ nínú àwọ̀ dúdú. Tí báńà bá ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́, hẹ́ẹ̀dì á gbá a, á fa ìdọ̀tí yíká, nọ́sù púpọ̀ á sì sọnù lẹ́ẹ̀kan náà. Hítà tí ó gbóná jù ni ó sábà fà á. Sítíkà tí a fẹ́ fi rọ́bà bò gbọ́dọ̀ tú èéfín solvent rẹ̀ jáde fún odindi ọjọ́ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò wú, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì jáwọ́. Èéfín yìí kan náà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọṣẹ́. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí fáànù máa lé e síta.

Àtúnṣe kan lẹ́ẹ̀kan

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà láti mọ ohun tí ó wo ẹ̀rọ sàn: kí a yí ohun kan padà, kí a tẹ̀wé, kí a wò ó, kí a tó yí òmíràn. Ẹni tí ó pààrọ̀ damper, tí ó gbé hítà sókè, tí ó sì tún nọ́ńbà sísún ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan náà, bí báńà bá dán, kò mọ èyí tí ó ṣe é. Bí ó bá burú sí i, kò mọ èyí tí yóò dá padà. Ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ni a ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọjọ́, róòlù, yíǹkì, nọ́ńbà tí a yí, àti ìwé àyẹ̀wò nọ́sù àràárọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Onímọ̀ ẹ̀rọ tí a bá pè láti Ṣómólú ní Èkó yóò kọ́kọ́ béèrè rẹ̀. Bí kò bá béèrè, kí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù fojú sí síríńjì ọwọ́ rẹ̀.